Àdá Tí Mo Gbé Lé Àbúrò Mi Lọ́wọ́

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

A dé láti Ṣakí láago mẹ́rin àbọ̀, òjò ti pa wá dé egungun. Wọ́n ti gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì Ògúndèjì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé. Dókítà náà kò lè ju Dáníẹ́lì ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó mú bébà, ó ya ìlà sí i, ó ní bí sìgá ṣe ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò sí oògùn tó lè ṣí i bí Ògúndèjì bá ṣì ń mu ún, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan lóòjọ́. Bó bá jáwọ́, ẹsẹ̀ á dúró. Bí kò bá jáwọ́, àwọn ìka tó kù á lọ, lẹ́yìn náà ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé.

Mo lọ gba oògùn. Kí n tó padà, ọ̀gbẹ́ni ti wà lẹ́yìn ògiri ọsibítù, ó fara ti igi dóńgóyárò, èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi di ojú egbò kò tíì gbẹ. Mo gbá a létí. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọdẹ, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo gbá a létí níwájú àwọn tó ń ta ọsàn. Gbogbo ohun tó sọ ni, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Mò ń bínú o. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń bínú.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Àgọ́-Àmọ́dù, nítorí Nọ́ọ̀sì Faith tó ń wẹ egbò fún un kò jìnnà sí ilé mi. Mo fi Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Ogbooro kó máa wo oko àti àwọn ọmọ.

Mo jókòó lónìí, mo ń ka iye ìgbà tí ọkùnrin yìí ti jáwọ́ nínú sìgá. Nígbà tí wọ́n bí Beauty, àkọ́bí rẹ̀, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e wá fún un nínú àwo. Ó fi orógbó rọ́pò rẹ̀ nígbà kan. Ó fi súwíìtì rọ́pò rẹ̀ nígbà kan títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó lọ gbé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wa tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, kò mu ẹyọ kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wálé, ó rà á ní gáréèjì kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó fi Bíbélì búra níwájú pásítọ̀ mi. Ọdún kejì, ó tún fi Bíbélì kan náà búra, ó sunkún sí i lórí. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo lè rántí. Lọ́jọ́ kejì tó bá ti yẹ̀, á pè mí lórí fóònù, á máa sunkún, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún ti ṣe é." Ẹkún rẹ̀ ti sú mi.

Lọ́sàn-án yìí mo bá sìgá mẹ́sàn-án nínú náílọ́ọ̀nù gaàrí mi. Gaàrí tí èmi ń jẹ. Mo dà wọ́n sí ṣáláńgá.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú un lọ sí Ogbooro láàárọ̀ kùtù, sí ilé bàbá wa. Àdá tí bàbá wa fi ń ṣọdẹ ṣì wà lára ògiri pálọ̀, níbi tó fi í kọ́ sí kó tó kú. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbé e lé Ògúndèjì lọ́wọ́.

Ó wo àdá, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lo Bíbélì."

"O ti fi Bíbélì búra lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run inú rẹ̀ sì ti dárí jì ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kì í dárí jini ni mò ń wá báyìí."

"Ẹ mọ̀ pé ọdẹ ni mí."

"Torí pé mo mọ̀ ni."

Kíkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, ẹ dákun, ara rẹ̀ ò yá." Mo ní kó jáde. Ó jáde. Ògúndèjì fi ahọ́n kan irin náà, ó ní bí òun bá tún fi sìgá kan ẹnu, kí Ògún má mọ òun lọ́mọ mọ́, kí irin tí òun fi ń jẹun gba ẹ̀mí òun. Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sára ògiri.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe é láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹta. Kò mu. Orí ń fọ́ ọ, ó ń bú mi. Kó máa bú mi.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Ó sọ àwo iyán lu ògiri lánàá, ó ní ọbẹ̀ kò dùn. Mo gbé ìgbálẹ̀ fún un, mo dúró tì í títí tó fi gbá a tán. Orógbó ló ń jẹ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, bẹ́ẹ̀ igba náírà ni mẹ́ta báyìí. Kò sùn dáadáa, ó ń làágùn, ó ní òun ń gbọ́ òórùn tábà lára ìwé tí mo ń máàkì.

Ṣùgbọ́n egbò ń jiná. Nọ́ọ̀sì Faith tú aṣọ kúrò lára rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní ẹran tuntun ti ń hù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí lẹ fún un tó jẹ́ kó jáwọ́?" Mo ní, "Irin ni." Kò yé e, n kò sì là á yé e.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Ogún ọjọ́ rèé. Àáró kan àbúrò mi lónìí. Bí ilẹ̀ bá fi le kí wọ́n tó kọ ebè rẹ̀, kò sí iṣu fún un lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà àwọn mẹ́fà yòókù gbà láti kọ ọ́ fún un, kó máa san tiwọn padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá san. Èmi àti Kíkẹ́ la gúnyán, la sebẹ̀ ẹ̀gúsí. Ẹni tí àáró bá kàn gbọ́dọ̀ gbé obì, ọtí àti sìgá kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní ahun ni. Kíkẹ́ ti ra páálí sìgá méjì. Mo mú méjèèjì nínú àwo, mo jù wọ́n sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n jóná níṣojú gbogbo wọn.

Samsudeen, tó ń gun ọ̀kadà ní Ogbooro tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Ògúndèjì láti kékeré, fi ọkọ́ ti ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, ṣé ilé ìwé lẹ pè wá sí ni?"

Mo ní bó bá jẹ́ ilé ìwé ni, òun ì bá ti mọ̀wé. Mo ní ọ̀rẹ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìgbé májèlé síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló wá ṣe lóko? Mo sọ púpọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní kí Ògúndèjì bọ́ bàtà kí wọ́n rí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ògúndèjì jókòó sábẹ́ igi òrí, ó dorí kodò. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pé mo bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ láàárín ọjà.

Ebè ẹgbẹ̀rin ni wọ́n fẹ́ kọ. Ó ní òun fẹ́ dúró ní Ogbooro títí wọ́n á fi gbin èbù tán, pé òun á máa gun ọ̀kadà wá fún egbò ní gbogbo Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Mo gbà. Mo ní ìwé láti máàkì, mo kúrò lóko kí wọ́n tó parí.

Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Kò wá ní Ìṣẹ́gun. Kò wá ní Ẹtì. Lórí fóònù ó ní ẹsẹ̀ ti san, pé iṣẹ́ èbù ló pọ̀. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àdá bàbá mi nínú ọkàn mi.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Nọ́ọ̀sì Faith wá bá mi ní kíláàsì. Ó ní òun kò rí àbúrò mi láti ìparí oṣù kẹwàá. Ó rọra sọ ọ́: "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé kò tún ti máa mu ún?"

Mo fún un lésì tó le. Mo ní òun kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e wá, kò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ ọdẹ fi ahọ́n kan irin. Mo ní kó lọ máa wo àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Màmá," ó sì wolẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gbọ́.

Lẹ́yìn tí a jáde ilé ìwé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ogbooro. Ìka tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n gé ti dúdú bí èédú, gbogbo ẹsẹ̀ náà tutù. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo bá a wí lórí ìyẹn pẹ̀lú. Èéfín ń rùn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ iná tí Kíkẹ́ fi ń sun iṣu ni mo ti bá a.

"Ṣé o ti mu ún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ohun tí ẹ fi mú mi búra."

Mo gbà á gbọ́. Dókítà ni mo bú lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà bọ̀. Mo ní iṣẹ́ kò yé e, mo ní oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún wa.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo èèyàn ti la, eruku wọ inú gbogbo nǹkan.

Mo bẹ Nọ́ọ̀sì Faith, mo gbé e lọ sí Ogbooro. Ó gbà láti tẹ̀ lé mi, ojú sì tì mí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún un. Ó fa abẹ́rẹ́ sókè. Bí Ògúndèjì ti rí abẹ́rẹ́ náà, ó dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ó fò wọ ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin tó ti fi ìbọn ìbílẹ̀ pa ìmàdò. Ó ní kí wọ́n fún òun ní oògùn oníhóró, òun ò gba abẹ́rẹ́. Mo ní ó dáa, kó gun ọ̀kadà ká lọ sí Ṣakí kí dókítà wò ó. Ó ní òun ò gun ọ̀kadà. Mo ní kí ló ń bà á lẹ́rù?

Mo pè é ní ojo. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo ní bàbá wa kò bímọ ọkùnrin. Mo ní kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà jẹrà kó sì bọ́ fúnra rẹ̀, bó bá bọ́ kó má pè mí. Nọ́ọ̀sì fà mí lápá jáde.

Ẹtì, 5 Oṣù Kejìlá

Kíkẹ́ wá bá mi nílé lẹ́yìn tí a jáde ilé ìwé. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, Bàbá Beauty kì í fọwọ́ kan irin mọ́."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ní láti ọjọ́ kejì àáró ni. Kì í gbé àdá, kì í gbé ọkọ́. Ìbọn rẹ̀, ó ní kí Samsudeen wá gbé e lọ sílé tirẹ̀. Òun Kíkẹ́ ló gé gbogbo èbù tí wọ́n gbìn. Bó bá fẹ́ jẹ iṣu sísun, igi ló fi ń ha á. Kò jẹ́ kí abẹ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo wá rí i. Abẹ, abẹ́rẹ́, ọ̀kadà, ọ̀bẹ dókítà. Irin ni gbogbo wọn.

Kíkẹ́ ní lọ́jọ́ àáró ló mu ún. Lẹ́yìn tí mo kúrò lóko, ó lọ sẹ́yìn àká, Samsudeen fún un ní ẹyọ kan. Ká ní bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, lọ́jọ́ kejì á ti pè mí, á ti sunkún, èmi á ti bú u, a ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè lọ́tẹ̀ yìí? Ó ti fi ahọ́n kan àdá. Lójú tirẹ̀, ikú ti gbéra, irin tó máa gbé e wá ni kò mọ̀. Ó ń sá fún gbogbo irin. Ẹni tó sì ti gbà pé òun ti kú, kí ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ fún? Kíkẹ́ ní páálí kan ló ń mu lóòjọ́ báyìí.

Mo yíjú sí Kíkẹ́. Mo ní odindi oṣù kan, o mọ̀, o ò sọ fún mi?

Ó wò mí lójú, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin lẹ mú un búra, Ìyá Dáníẹ́lì. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí n jáde. Ta ni kí n wá sọ fún?"

Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Mo ti kọ́ ọmọ ní òwe yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń gbó.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Mo lọ bá Bàbá Mákánjúọlá, Olúọdẹ Ogbooro, ọ̀rẹ́ bàbá wa. Mo bá a níbi tó ti ń lọ́ okùn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó búra?"

"Èmi nìkan, Bàbá. Mo lé ìyàwó rẹ̀ jáde."

"Ta ló ní kó o sọ àdá bàbá rẹ kalẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́."

Ó fi okùn sílẹ̀. "Ẹni tó jalè là ń fún nírin, Abọ́sẹ̀dé. Ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Aláìsàn kì í fi irin búra pé ara òun ò ní ro òun mọ́. Ìwọ tó o kàwé, ibo lo ti rí i?"

Inú bí mi sí òun náà. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́: "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹsẹ̀ ń lọ. Gbogbo yín lẹ mọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ gbé e fún un, lóko ẹ gbé e fún un, nínú àwo, bí ẹni ń gbé obì fún àlejò. Èmi nìkan ni mo bá a jà."

"Òótọ́ nìyẹn," ló sọ. "Ẹjọ́ tiwa nìyẹn, màá bá wọn sọ ọ́. Ẹjọ́ tìrẹ ńkọ́? Kí lo lọ wá lọ́dọ̀ Ògún?"

"Ẹni tí kì í dárí jini."

"Fún ọmọ ìyá rẹ?"

Àdìyẹ wọlé, ó jáde. Bàbá ní ká mú ìgbín mẹ́ta wá, epo, obì, iṣu sísun àti omi tútù. Ó ní ẹnu tèmi fúnra mi ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, nítorí èmi ni mo dì í, èmi ni màá tú u. Pásítọ̀ mi á gbọ́. Kó gbọ́.

Ajé, 8 Oṣù Kejìlá

Mo gbàyè níbi iṣẹ́. Níwájú ojúbọ Ògún lẹ́yìn ilé Bàbá la ti ṣe é, oòrùn ò tíì mú. Àdá wà nílẹ̀. Bàbá ní kí Ògúndèjì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mu ún. Mi ò mọ iye rẹ̀ mọ́." Ó kàn mí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, kò sí èyí tó jáde nínú rẹ̀. Mo ní mo fi ìbínú dè é, mo ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìkan, mo ní kí Ògún tú u, bó bá ní ẹni tó fẹ́ mú kó mú mi.

Bàbá ní, "Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀. Má tún dá ìbúra tuntun sílẹ̀."

Ó fọ́ ìgbín, ó da omi rẹ̀ sórí àdá, ó da omi tútù lé e. Ó súre. Ó ní kí Ògúndèjì gbé e. Ògúndèjì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń làágùn nínú ọyẹ́. "Gbé e, ọmọ mi. Inú rẹ̀ ti rọ̀." Ó fi ìka kan kàn án, ó dúró, bóyá ó ń retí nǹkan. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé e. Bàbá gbé iṣu sísun fún un pé kó fi àdá náà ha á fún gbogbo wa. Ó ha á. Ó ń sunkún bó ṣe ń ha á, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní aago méjì ó gun ọ̀kadà Samsudeen, a forí lé Ṣakí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ti gé e. Gbogbo ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù. Gìgísẹ̀ dúró, ọrùn ẹsẹ̀ dúró. Dókítà ní ká ní a mú un wá lóṣù kan sẹ́yìn, ìka kan ṣoṣo ni òun ì bá gé.

Ìka mẹ́ta jẹ́ ẹ̀bi tèmi, nígbà náà. Mo gbé ọwọ́ mi wò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo kórìíra sìgá, mo kórìíra àwọn tó ń ṣe é, àwọn tó ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Lónìí mo kórìíra ara mi ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tó jí, ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Kò mu. Tòmátò ti gbówó lórí kọjá ọ̀rọ̀, ìrẹsì funfun la máa jẹ lọ́la.

Ẹtì, 2 Oṣù Kìíní 2026

Samsudeen gbé iṣu wá kí mi fún ọdún tuntun. Mo ti ń retí rẹ̀ láti gbá a létí, mo ti mọ etí tí màá gbá. Ó kúnlẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní Olúọdẹ ti bá wọn sọ ọ́, pé kò sí sìgá lórí àwo àáró mọ́, pé àwọn kan ń kùn ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é. Mo ní kó sọ ti ẹyọ kan yẹn fún mi.

Ó ní, "Ó ń sunkún, Ìyá Dáníẹ́lì. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ó ń sunkún bí ọmọdé, pé ojú ti òun láàárín ẹgbẹ́ òun. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fún un."

N kò gbá a létí. Mo bu omi fún un mu.

Ajé, 19 Oṣù Kìíní

Ọjọ́ kejìlélógójì. Mo lọ bẹ Nọ́ọ̀sì Faith. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọdé, mo sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà pé mo ṣẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò tíì gbàgbé, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Aṣebàtà kan ní Ìsẹ́yìn bá Ògúndèjì ṣe bàtà tí wọ́n ki tìmùtìmù sí iwájú rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn. Kíkẹ́ ní ó ti ń gbé àdá, ó ti gé koríko bo ebè ọgọ́rùn-ún lórí ìjókòó.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Mò ń fọṣọ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Ògúndèjì ni. Kò sẹ́ni tó bá a wá. Ó gun ọ̀kadà láti Ogbooro dé gáréèjì, ó fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dé ọ̀dọ̀ mi. N kò ránṣẹ́ sí i. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mu ọ̀kan lánàá."

Ọgọ́ta ọjọ́. Mo ti ń ka ọgọ́ta ọjọ́. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sínú omi. Mo bú u. Mo bú u láti orí dé ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n gé e dé itan ni? Mo ní ta ló fẹ́ gbé e lọ sóko, èmi àbí Kíkẹ́? Mo ní mo kúnlẹ̀ fún àgbà nítorí rẹ̀, mo bẹ ọmọdé nítorí rẹ̀, pásítọ̀ gbọ́ ti Ògún, ó yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ kí n ṣe? Aládùúgbò mi jáde, ó wò wá, ó wọlé padà. Ògúndèjì dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sá.

Nígbà tí èémí tán nínú mi, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n fi búra báyìí?"

Mo wò ó. Eruku ojú ọ̀nà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àjàní mi, oríkì tí ìyá wa ń pè é. Ó mọ̀ pé èmi ni òun máa bá nílé, ó mọ ẹnu mi, síbẹ̀ ó wá.

Mo ní kó má fi nǹkan kan búra. Mo ní bó bá tún mu ún, kó tún wá, kí n tún bú u.